Bọ́dìn àwọn Fádà, ilé-ìwé àwọn Sísítà, ilé-ìwé ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò tàbí sẹ́mínárì kékeré: èwo ló yẹ ọmọ yín ní Àbújá?

Ní Kubwa tí à ń gbé, bí a bá ti jáde Mísà ọjọ́ Ìsinmi, tí àwa Yorùbá dúró síta láti kí ara wa, kò sí ọdún tí ìyá kan tàbí bàbá kan kì í fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ wọn fẹ́ wọ JSS 1. Ìbéèrè náà kì í yí padà: "Màmá, ilé-ìwé Kátólíìkì wo ni wọ́n ti ń tọ́ ọmọ dáadáa?" Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé níbo ni wọ́n ti le jù. Àwọn míì tilẹ̀ máa ń sọ ọ́ síta: "Ọmọkùnrin yìí ti ń yájú sí mi, ẹ bá mi wá ibi tí wọ́n á ti tẹ orí rẹ̀ ba."

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti ń wá. Lẹ́nu àwọn òbí wa ni ọ̀pọ̀ wa ti gbọ́ ìtàn St. Gregory's ní Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1928, tàbí St. Teresa's ní Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1932. Bí wọ́n bá ti ní Àgùdà, ìwà àti ẹ̀kọ́ ló ń dún létí wa. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn ọdún 1970 ni ìjọba gba ilé-ìwé míṣọ́n lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì di 2001 kí ìjọba Èkó tó dá àwọn kan padà. Ilé-ìwé tí bàbá wa ń ròyìn kọ́ ni a fẹ́ mú ọmọ lọ báyìí. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ti Àbújá kò tíì pẹ́, nítorí ìlú náà fúnra rẹ̀ kò tíì pẹ́: 1991 ni ìjọba àpapọ̀ kó wá síbí láti Èkó, 1994 ni ibẹ̀ sì di ibùjókòó Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà. Ẹni tó bá fẹ́ yan, kó fi ojú ara rẹ̀ wò ó.

Yorùbá ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, à á fi tòsì fà á mọ́ra. Ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo ilé-ìwé máa ń gbé jáde lọ́jọ́ tí a bá lọ ra fọ́ọ̀mù: ìwé òfin, yunifọ́ọ̀mù tó gún régé, ìlà tó tọ́ bí okùn. Ọwọ́ òsì ni mo máa ń ní kí àwọn òbí bèèrè. Ta ni ọmọ yìí máa sá tọ̀ nígbà tí nǹkan bá ṣe é? Bí wọ́n bá jẹ ẹ́ níyà lónìí, kí ni wọ́n máa ṣe fún un lọ́la? Oríṣi ilé-ìwé mẹ́rin ni mo fẹ́ fi wé ara wọn. Ọmọ mi méjì ti gba inú méjì nínú wọn kọjá, mo sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní katikísìmù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa láti ọdún pípẹ́. Bí ọlidé bá dé, àwọn ọmọ ilé-ìwé oríṣiríṣi á jókòó tì mí, wọ́n á sọ ohun tí ojú wọn rí.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Òru ni àkọ́kọ́. Gbogbo ilé-ìwé ló dára lọ́sàn-án. Lẹ́yìn tí wọ́n bá paná ní họ́sítẹ̀lì, àgbà wo ló kù níbẹ̀? Ṣé háósì másítà ń sùn nínú ilé náà gan-an, àbí púrífẹ́ẹ̀tì ọmọ ọdún 16 ni olórí òru? Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun burúkú tí àwọn ọmọ ti sọ fún mi nípa bọ́dìn, láàárín aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago márùn-ún ìdájí ló ṣẹlẹ̀: kí sínọ̀ jí ọmọ kékeré pé kó lọ pọn omi wá, kí wọ́n kó ohun jíjẹ inú lọ́kà rẹ̀, kí wọ́n ní kó kúnlẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ilé-ìwé tó bá gbé àṣẹ ìfìyàjẹ lé sínọ̀ lọ́wọ́ ti fi ọmọ yín ṣe ẹrú ọmọ ẹlòmíì, bó ti wù kí orúkọ Ẹni Mímọ́ ara pátákó rẹ̀ tóbi tó.

Ohun tó ń ṣáájú ìyà ni mo máa ń wò tẹ̀ lé e. Pẹ́nà Kóòdù, òfin ìwà ọ̀daràn tí à ń lò ní àríwá, fàyè gba olùkọ́ láti bá ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 wí, bí kò bá ti ṣe é léṣe gidi. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti 2003, tó múlẹ̀ ní Àbújá, sì sọ ní abala 11 pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ìyà tó ń bu ọmọ kù, tàbí tó ń pa ara àti ọkàn rẹ̀ lára, jẹ ẹ́. Àárín méjèèjì yìí ni ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ti ń wá ọ̀nà tirẹ̀. Ẹ má bèèrè pé "Ṣé ẹ máa ń na ọmọ?" Bí wọ́n bá rí i lójú yín pé bẹ́ẹ̀ ni ẹ fẹ́ gbọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á sọ, bó bá jẹ́ rárá ni ẹ fẹ́, rárá ni ẹ máa gbọ́. Ẹ ní kí wọ́n ròyìn ọmọ kan tó jalè tàbí tó jà ní táàmù tó kọjá fún yín, láì dárúkọ rẹ̀. Kí ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀? Ta ló gbọ́ tẹnu ọmọ náà? Ìgbà wo ni wọ́n pe òbí? Báwo ló ṣe parí? Ilé-ìwé tó mọ ohun tó ń ṣe á sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin sí yín létí.

Ìdí wà tí ìbéèrè yìí fi ká mi lára. Àkọ́bí mi wà ní JSS 2 ní bọ́dìn kan nígbà tí owó ọmọ kan sọnù ní yàrá wọn. Bẹ́ẹ̀dì ọmọ mi ló sún mọ́ lọ́kà náà jù. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè, ó dorí kodò, kò fọhùn, nítorí a ti kọ́ ọ nílé pé ọmọ kì í bá àgbà jiyàn. Wọ́n ní ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀rí. Wọ́n mú un kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ilé-ìwé ní ìpéjọ òwúrọ̀, wọ́n pè é ní olè. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n rí owó náà nínú ìwé ẹni tó ni ín. Fádà pe ọmọ mi sí ọ́fíìsì, ó bẹ̀ ẹ́, ó gbàdúrà fún un. Mo gbà pé tọkàntọkàn ló fi bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ojú gbogbo ayé ni wọ́n ti ba orúkọ rẹ̀ jẹ́, inú yàrá tí wọ́n tìlẹ̀kùn ni wọ́n ti tún un ṣe. Títí ó fi kúrò níbẹ̀ ni àwọn kan ń fi orúkọ yẹn pè é. Láti ìgbà náà, pírínsípà tí mo bá bá pàdé, mo máa ń bi í pé: bí ẹ bá ṣi ọmọ jẹ níyà, níbo ni ẹ ti ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀? Àwọn ọmọ tèmi náà, mo kọ́ wọn ní gbólóhùn kan kí wọ́n tó lọ: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi." Kò sí àìlọ́wọ̀ nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìjẹ́wọ́ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ òbí Kátólíìkì kò mọ̀ pé ṣọ́ọ̀ṣì ti ṣòfin lé e lórí. Nínú Òfin Kánọ́nì ti 1983, ẹsẹ 985 sọ pé ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ gbọ́ ìjẹ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń gbé ilé kan náà pẹ̀lú rẹ̀, àfi bí ọmọ bá fúnra rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ láìsí ẹni tó tì í. Ẹsẹ 984 tún sọ pé ẹni tó wà nípò àṣẹ kò gbọdọ̀ lo ohun tó gbọ́ nínú ìjẹ́wọ́ láti fi darí ẹnikẹ́ni lóde. Ọgbọ́n ńlá ló wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ Fádà tó lè lé ọmọ kúrò nílé-ìwé náà ni ọmọ máa jẹ́wọ́ fún, ẹ̀ṣẹ̀ wẹ́wẹ́ ló máa kà, yóò gbé èyí tó wúwo padà lọ sí họ́sítẹ̀lì. Ẹ bèèrè bóyá Fádà láti ìta ń wá, àti ẹ̀ẹ̀melòó lóṣù.

Èyí tí ojú máa ń ti àwọn òbí láti bèèrè ni ti ìbálòpọ̀ pẹ̀lú ọmọdé. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Ní oṣù Karùn-ún 2019, Póòpù Francis gbé òfin kan jáde, *Vos Estis Lux Mundi*, tó ní kí dáyósíìsì kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tí èèyàn lè gbà mú irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ wá, tó sì sọ ọ́ di dandan fún àlùfáà àti Sísítà tó bá gbọ́ ọ pé kí wọ́n fi tó àwọn aláṣẹ ṣọ́ọ̀ṣì létí. Ní ti ìjọba, òfin VAPP ti 2015, tó lòdì sí híhu ìwà ipá sí èèyàn, múlẹ̀ ní Àbújá, NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti kíkó èèyàn ṣòwò, ló sì ń mójú tó o. Bí ẹ bá bèèrè lọ́wọ́ ilé-ìwé pé ta ni a máa pè bí nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀, tí wọ́n wò yín bí ẹni tó bú wọn, ẹ gbé fọ́ọ̀mù yín, ẹ máa lọ sílé.

Owó àti ọ̀nà, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Màá fi wọ́n kún ti ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan. Ààbò nìkan ni mo fẹ́ mẹ́nu bà. Ní oṣù Kọkànlá 2025, àwọn agbébọn wọ ilé-ìwé Kátólíìkì St. Mary's ní Papiri, ní ìpínlẹ̀ Niger, wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọmọ àti olùkọ́ lọ. Bí bọ́dìn bá wà lẹ́yìn ìlú, ẹ yí ògiri rẹ̀ ká kí ẹ tó sanwó.

Bọ́dìn tí ẹgbẹ́ àwọn Fádà ń ṣàkóso

Loyola Jesuit College ní Gidan Mangoro ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. 1996 ló ṣí. Ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin ló wà níbẹ̀, bọ́dìn ni gbogbo wọn sì ń gbé. Àwọn Jesuit, ẹgbẹ́ àwọn Fádà tó ni ín, ti ń ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé bọ̀ láti 1548, tí wọ́n ṣí ti Messina ní Ítálì. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ Látìnì kan, *cura personalis*: kí a tọ́jú ẹnì kọ̀ọ̀kan bí òun fúnra rẹ̀ ṣe jẹ́, kí a má fi ọmọ kan wọn èkejì. Àǹfààní ńlá tí irú ilé-ìwé yìí ní ni pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tọ́mọ ti wà kí pírínsípà tó dé, yóò sì wà lẹ́yìn tó bá lọ. Àwọn ibòmíì, bí wọ́n bá gbé ọ̀gá lọ, ilé-ìwé náà yí padà láàárín táàmù kan.

Kò rọrùn láti sọ èyí tó kàn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ìtọ́jú ọkàn jẹ́ nílé-ìwé kò lè fo ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá 2005. Ọkọ̀ òfuurufú Sosoliso gbéra ní Àbújá, ó ń gbé àwọn ọmọ lọ sílé fún ọlidé Kérésì, ó já ní Port Harcourt. Ọmọ Loyola Jesuit 60 ló kú nínú rẹ̀. Àwọn Jesuit dá Jesuit Memorial College sílẹ̀ ní Port Harcourt nítorí ìrántí wọn. Mo máa ń rò ó nípa àwọn tó kù, tó padà dé bá bẹ́ẹ̀dì ọ̀rẹ́ wọn lófìfo. Irú àjálù bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti gbogbo ọdún, ṣùgbọ́n kò sí ọdún tí ọmọ kan kì í pàdánù bàbá tàbí ìyá rẹ̀ ní ilé-ìwé tó tóbi. Ta ló máa ń sọ fún un? Ṣé ẹnì kan máa ń sìn ín lọ sílé? Bó bá padà dé, tí kò lè ka ìwé, tí ó ń bínú sí gbogbo èèyàn, ṣé ìwà burúkú ni wọ́n máa pè é, àbí ọ̀fọ̀? Ibi tí wọ́n bá ti mọ ìyàtọ̀ méjèèjì ni ibi tí mo lè fi ọmọ sí.

Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Don Bosco ní ọ̀nà tiwọn. Àlùfáà ará Ítálì ni Don Bosco, ó gbé ayé láti 1815 sí 1888, àwọn ọmọkùnrin tí kò ní alágbàtọ́ ní Turin ló fi ayé rẹ̀ tọ́jú. Ní 1877 ó kọ ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀, pé lórí òye, ẹ̀sìn àti ìfẹ́ onínúure ló dúró lé, àti pé kí àgbà wà láàárín àwọn ọmọ kí ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹlẹ̀, kó má jẹ́ pé lẹ́yìn ẹ̀ṣẹ̀ ló máa yọ pẹ̀lú pàṣán. Àwọn Salesian, ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀, dé Nàìjíríà ní 1982, Àkúrẹ́ àti Oǹdó ni wọ́n sì kọ́kọ́ dé sí. Àwọn ará ibẹ̀ láàárín wa mọ bí Fádà ṣe ń bá ọmọ gbá bọ́ọ̀lù. Kò pọn dandan kí ilé-ìwé tí ẹ fẹ́ yàn jẹ́ tiwọn kí ẹ tó fi èyí dán an wò. Ẹ lọ síbẹ̀ ní àkókò ìsinmi ráńpẹ́, kí ẹ wo ibi tí àwọn olùkọ́ wà. Bí gbogbo wọn bá wà ní yàrá olùkọ́, tí pápá jẹ́ ti sínọ̀, ẹ ti rí ìdáhùn.

Àléébù bọ́dìn àwọn Fádà: nínú àwọn tí mo mọ̀, owó rẹ̀ ló ga jù, ìdánwò àtiwọlé rẹ̀ ló sì le jù. Ọmọ tó ti ń ṣe ipò kìíní ní pírámárì lè dé bẹ̀ kó di ogún, kó sì rò pé òun ti ya òmùgọ̀. Ó yẹ kí òbí ti bá a sọ̀rọ̀ ṣáájú.

Ilé-ìwé ọmọbìnrin tí àwọn Sísítà ń ṣàkóso

Bọ́dìn àwọn Sísítà ni ọmọbìnrin mi lọ, ibẹ̀ ni mo sì ti fi ojú rí ọwọ́ òsì tí mo ń wí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tó dé JSS 1, Sísítà tó ń mójú tó yàrá ìjẹun pè mí lórí fóònù: "Màmá, ṣé ọmọ yín kì í jẹ ẹran nílé ni?" Mo ní ó ń jẹ ẹ́, ó tilẹ̀ ń jẹ egungun mọ́ ọn. Sísítà ní ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin tí òun ti ń rí i tó ń gbé ẹran rẹ̀ sí abọ́ ẹlòmíì. Sínọ̀ kan ti sọ fún àwọn ọmọ tuntun pé JSS 1 kì í jẹ ẹran ní tábìlì òun. Sísítà kò pariwo. Ó gbé àga tirẹ̀ wá sí tábìlì náà, ó ń bá wọn jẹun níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ìparí rẹ̀, sínọ̀ yẹn dìde ní tábìlì kan náà, lójú àwọn ọmọ kan náà, ó tọrọ àforíjì. Ọmọ mi fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi nígbà ọlidé pé sínọ̀ náà ti di ìyá rẹ̀ nílé-ìwé.

Ìyà tí àwọn ọmọbìnrin fi ń jẹ ara wọn kì í sábà ní àpá. Wọn kò ní bá a jókòó. Wọ́n á sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n á dákẹ́ bó bá wọlé. Ẹni tó ń gbé pẹ̀lú wọn, tó ń bá wọn jẹun, tó mọ ẹni tó ń dá rìn, ló lè rí i. Nǹkan oṣù náà tún wà níbẹ̀: ní ibi tí Sísítà ń tọ́jú páàdì sí ibì kan tí ọmọ kò ní láti tọrọ lọ́wọ́ ọkùnrin, ìtìjú kan ti kúrò lọ́rùn ọmọ.

Ibi tí mo ti máa ń bá wọn jà ni ọ̀rọ̀ lẹ́tà àti ọ̀rẹ́kùnrin. Àwọn kan máa ń mú un bí ẹni pé ọmọ pààyàn. Ẹ bi wọ́n gbangba: "Bí ẹ bá rí lẹ́tà ọmọkùnrin nínú àpótí ọmọ mi ńkọ́?" Bí ìdáhùn wọn kò bá ju kí wọ́n ní kó kó ẹrù rẹ̀, kò sí ọwọ́ òsì níbẹ̀. Ohun kejì ni pé ìwà ọ̀gá kan ṣoṣo lè di ìwà gbogbo ilé-ìwé. Bí Sísítà tí ẹ fẹ́ràn bá kúrò, ẹ padà lọ wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ yàn. Ní ti owó, àárín ló sábà máa ń wà.

Ilé-ìwé ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò

Èyí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń fojú kéré, mi ò sì fara mọ́ ọn. Ilé-ìwé ọjọ́ ni, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló sábà máa ń wà, owó rẹ̀ ló sì kéré jù. Fádà tó ń bójú tó o mọ bàbá ọmọ nínú ẹgbẹ́ akọrin, ó mọ ìyá rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Bí ọmọ bá hùwà kan lọ́jọ́ Ajé, ẹ lè gbọ́ ọ kó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ní alaalẹ́ ni ẹ̀ ń rí ara rẹ̀, ẹ̀ ń rí bàtà rẹ̀, ẹ̀ ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Òfin Kánọ́nì, ẹsẹ 796, ní kí òbí àti olùkọ́ fọwọ́ sowọ́ pọ̀, kí olùkọ́ sì máa fi tinútinú gbọ́ ọ̀rọ̀ òbí. Ní bọ́dìn, ọjọ́ ìbẹ̀wò ni èyí lè ṣẹlẹ̀. Níbí, bí ẹ bá fẹ́, ojoojúmọ́ ni.

Ṣùgbọ́n Fádà àdúgbò ní ìsìnkú, ìgbéyàwó, aláìsàn àti ilé tó ń kọ́. Ó lè jẹ́ pé orí pátákó nìkan ni orúkọ rẹ̀ wà. Olùdámọ̀ràn kì í fi bẹ́ẹ̀ sí, owó oṣù kékeré sì máa ń lé àwọn olùkọ́ dáadáa lọ. Èyí tó tún ṣe pàtàkì jù ni pé ilé ni ìdajì iṣẹ́ náà wà. Ẹni tó ń gbé Mararaba, tó ń ṣiṣẹ́ ní Central Area, tó ń jáde ní aago márùn-ún ìdájí nítorí gósìlóò Nyanya, tí kì í wọlé títí aago mẹ́jọ alẹ́, fóònù àti ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń bá a tọ́ ọmọ. Ilé-ìwé ọjọ́ fún irú òbí bẹ́ẹ̀ dà bí bọ́dìn tí kò ní mátírọ̀ọ̀nù. Kí ẹ tó sọ pé bọ́dìn wọ́n, ẹ ṣírò owó bọ́ọ̀sì, owó lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́ àti wákàtí tí ọmọ ń lò lójú ọ̀nà.

Sẹ́mínárì kékeré

Mi ò ní pẹ́ níbí. Ilé ọmọkùnrin tó ń rò ó pé Ọlọ́run lè máa pe òun sí iṣẹ́ àlùfáà ni. Wọ́n ń jí ní ìdájí, Mísà wà lójoojúmọ́, iṣẹ́ ọwọ́ wà, àkókò ìdákẹ́jẹ́ wà, owó rẹ̀ sì sábà máa ń kéré sí ti bọ́dìn àwọn Fádà. Ohun kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí gbogbo ilé-ìwé yòókù kọ́: ẹsẹ 239 Òfin Kánọ́nì ní kí sẹ́mínárì kọ̀ọ̀kan ní olùdarí ẹ̀mí, tó yàtọ̀ sí ọ̀gá. Ẹsẹ 240 sì ní bí wọ́n bá fẹ́ lé ẹnì kan, wọn kò gbọdọ̀ bèèrè èrò olùdarí ẹ̀mí tàbí ti ẹni tó ń gbọ́ ìjẹ́wọ́ rẹ̀ láé. Ọmọ ní ẹni tó lè sọ òtítọ́ fún láìbẹ̀rù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú ọmọ tó ń yájú lọ síbẹ̀ kí wọ́n lè bá yín tọ́ ọ. Mo ti rí i bí mélòó kan. Wọ́n á dá a padà, nítorí ilé ìdánwò ìpè ni, ọmọ náà á sì padà wálé pẹ̀lú èrò pé Ọlọ́run náà ti kọ òun.

Bí ọmọ yín kì í bá ṣe Kátólíìkì

Láàárín àwa Yorùbá, ọmọ Mùsùlùmí pọ̀ nínú ilé-ìwé wọ̀nyí; àwọn ẹbí ọkọ mi ní Ìlọrin náà ti rán ọmọ lọ. Abala 38 òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 sọ pé a kò gbọdọ̀ fi dandan mú akẹ́kọ̀ọ́ gba ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀ tàbí kó bá wọn ṣe ìsìn rẹ̀. Ẹ bèèrè ibi tí ọmọ máa wà ní àkókò Mísà, bóyá ó lè kírun, àti ohun tó máa jẹ nígbà ààwẹ̀ Ramadan. Kí ẹ gba ìdáhùn náà kí ẹ tó sanwó, kó má di ìjà ní àárín táàmù.

Ta ló yẹ kó yan èwo?

Ọmọ tó ti lè dá dúró díẹ̀, tó fẹ́ràn ìwé, tó lè sọ tẹnu rẹ̀, tí owó ilé-ìwé kò sì ní kó ilé yín sí gbèsè: bọ́dìn àwọn Fádà. Ọmọbìnrin tó dákẹ́, tó máa ń gbé nǹkan mọ́ra, tàbí tí ìyá rẹ̀ kò sí mọ́: ẹ wá ilé-ìwé àwọn Sísítà tí wọ́n ti ń bá ọmọ jẹun. Ọmọkùnrin tó fúnra rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ di Fádà, tí kì í ṣe ìyá rẹ̀ ló ń sọ ọ́: sẹ́mínárì. Ọmọ tó ń tọ̀ sílé lóru, tó ní ikọ́ fée (asthma) tàbí fọ̀níkúfọ̀ládìde (sickle cell), tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù òbí, tàbí tó ń yájú nílé, kó wà lọ́dọ̀ yín, kó máa lọ sí ilé-ìwé ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ òbí máa ń ṣe òdìkejì pẹ̀lú ọmọ tó ń yájú. Ọmọ tí ẹ kò tíì bá parí ìjà, ẹ má gbé ìjà náà fún ẹlòmíì bá yín jà.

Àbíkẹ́yìn mi máa wọ JSS 1 ní oṣù Kẹsàn-án. Ó máa ń tètè sunkún, ẹ̀yìn mi ló sì ṣì ń tọ̀ káàkiri ilé. A ti ra fọ́ọ̀mù ilé-ìwé ṣọ́ọ̀ṣì tó wà nítòsí wa. Mo ti bá pírínsípà sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó dáhùn dáadáa nípa bọ́ọ̀sì, nípa ìjẹ́wọ́ àti nípa pàṣán. Nígbà tí mo bi í léèrè ibi tí wọ́n ti ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ tí wọ́n bá ṣì jẹ níyà, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní ẹnikẹ́ni kò bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ òun rí, pé kí n fún òun ní ọ̀sẹ̀ kan kí òun lè bá àwọn olùkọ́ òun jókòó lé e lórí. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni mò ń padà lọ gbọ́ ìdáhùn.